Òrùka Dáyámọ́ǹdì Búlúù: Níbo ni Àwọ̀ Rẹ̀ ti Wá?

Òrùka méjì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú àpótí gíláàsì, kí dáyámọ́ǹdì orí àwọn méjèèjì jẹ́ búlúù, kí ìwọ̀n wọn dọ́gba, kí ọnà ara wọn sì jọra, síbẹ̀ kí owó ọ̀kan tó ra odidi ilé nígbà tí owó èkejì kò ju ohun tí òṣìṣẹ́ kan lè rọra tọ́jú pamọ́ lọ. Ẹni tí ó bá fi ojú lásán wò wọ́n lè rò pé ẹni tí ó ń tà wọ́n ti ṣi iye kọ. Kò ṣì í kọ. Ibi tí àwọ̀ búlúù náà ti wá ni ó ya òrùka méjèèjì sọ́tọ̀: dáyámọ́ǹdì kan gba àwọ̀ tirẹ̀ nínú ilẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fojú kàn án, èkejì sì gba tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀rọ lẹ́yìn tí wọ́n ti gé e tí wọ́n sì ti dán an.

Mo fẹ́ràn dáyámọ́ǹdì búlúù ju gbogbo òkúta iyebíye yòókù lọ, ìdí nìyí tí ó fi máa ń ká mi lára bí mo bá rí ẹni tí ó fẹ́ fi owó ńlá rà á tí kò sì béèrè ju iye owó àti ìwọ̀n ìka lọ. Èrò mi nípa rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Kò sí ẹ̀gàn nínú dáyámọ́ǹdì tí a yí àwọ̀ rẹ̀ padà, ó sì lè jẹ́ òrùka ẹlẹ́wà tí ẹni tí ó ni ín yóò fi yangàn títí ayé. Ibi tí ẹ̀gàn wà ni kí a tà á ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ewu sì wà nínú kí a rà á láì mọ ohun tí ó jẹ́, nítorí pé àìmọ̀ yìí lè jẹ owó ènìyàn, ó sì tún lè ba òrùka náà jẹ́ lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ wúrà tí kò ní èrò ibi kankan lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú ilẹ̀. Kábọ́ọ̀nù ni dáyámọ́ǹdì, bí kò bá sì sí ohun mìíràn tí ó dà pọ̀ mọ́ ọn, kì í ní àwọ̀ rárá. Èyí tí ó pọ̀ jùlọ lára àwọn tí a ń wà jáde ní náítírójìn nínú, náítírójìn yìí ni ó sì máa ń fún wọn ní àwọ̀ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́. Ti búlúù àdánidá yàtọ̀: bóróònì ni ó bá kábọ́ọ̀nù náà dì pọ̀ lábẹ́ ilẹ̀, bóróònì a sì máa gba apá pupa ìmọ́lẹ̀ mọ́ra, tí ó fi jẹ́ pé búlúù ni ó ń padà wá bá ojú wa. Ìwọ̀nba bóróònì tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí kéré débi pé lọ́pọ̀ ìgbà kì í tó átọ́ọ̀mù kan nínú mílíọ̀nù kan. Àwọn onímọ̀ ń pe irú dáyámọ́ǹdì bẹ́ẹ̀ ní Type IIb, wọ́n sì wà lára àwọn tí ó ṣọ̀wọ́n jùlọ nínú gbogbo dáyámọ́ǹdì ayé. Bóróònì kan náà yìí ni ó jẹ́ kí iná mànàmáná lè gba inú wọn kọjá, bẹ́ẹ̀ sì rèé, dáyámọ́ǹdì yòókù kì í gba iná láyè rárá.

Ní ọdún 2018, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí Evan Smith ti ilé ẹ̀kọ́ àti àyẹ̀wò òkúta iyebíye Gemological Institute of America, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ sí GIA, ṣáájú wọn, gbé ìwádìí kan jáde lórí dáyámọ́ǹdì búlúù 46 tí àwọn ohun kéékèèké láti inú ilẹ̀ há sí nínú. Láti ara àwọn ohun kéékèèké wọ̀nyí ni wọ́n ti rí i pé ibi tí àwọn dáyámọ́ǹdì náà ti dì jìn tó kìlómítà 660 sísàlẹ̀, ó kéré tán, nígbà tí ó jẹ́ pé èyí tí ó pọ̀ jùlọ lára dáyámọ́ǹdì yòókù dì ní nǹkan bí kìlómítà 150 sí 200. Wọ́n sì rò pé láti ara òkúta ìsàlẹ̀ òkun, tí ó ti rì wọ inú ayé lọ, ni bóróònì náà ti wá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, ó yé mi ìdí tí àwọn kan fi lè fi gbogbo ohun ìní wọn lélẹ̀ nítorí òkúta kékeré kan. Owó tí wọ́n ń san kì í ṣe ti ẹwà nìkan, ti ọ̀nà jíjìn yẹn náà wà nínú rẹ̀.

Èyí tí ó lókìkí jùlọ ni Hope Diamond, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ káráàtì 45.52, tí káráàtì kan sì jẹ́ ìdá márùn-ún gíráàmù. Orílẹ̀-èdè Íńdíà ni ó ti wá, ó dé ọwọ́ ọba Faransé Louis Kẹrìnlá ní ọdún 1668, wọ́n jí i gbé nígbà rògbòdìyàn ọdún 1792, ó sì ti wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní ìlú Washington láti ọdún 1958, nígbà tí Harry Winston, oníṣòwò òkúta iyebíye, fi í ta wọ́n lọ́rẹ. Bí wọ́n bá tan iná UV, ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú ènìyàn kò lè rí, sí i tí wọ́n sì pa iná náà, òkúta búlúù yìí a máa pọ́n yòò bí ẹyin iná nínú òkùnkùn fún ìgbà díẹ̀. Lóde òní, ibi ìwakùsà Cullinan ní Gúúsù Áfíríkà ni a mọ̀ jùlọ fún irú òkúta bẹ́ẹ̀. Láti ibẹ̀ ni De Beers Cullinan Blue, tí ó jẹ́ káráàtì 15.10, ti jáde. Wọ́n tà á ní gbàǹjo ní Hong Kong ní ọdún 2022, ó sì mú iye tí ó lé ní mílíọ̀nù dọ́là 57 wọlé. Oppenheimer Blue tí kò tó o ní ìwọ̀n, káráàtì 14.62, ti mú irú iye bẹ́ẹ̀ wá ní Geneva ní ọdún 2016. Kò sí ẹni tí ó ń ka ìwé yìí tí yóò ra irú wọn, ṣùgbọ́n mo dárúkọ wọn nítorí pé àwọn ni wọ́n fi ojú ọ̀nà hàn fún owó àwọn kéékèèké tí ó wà lórí òrùka lásán.

Ohun kan tí ó máa ń ya àwọn tí kò tíì rí i rí lẹ́nu ni pé dáyámọ́ǹdì búlúù àdánidá kì í sábà tàn yanran. Púpọ̀ nínú wọn ni àwọ̀ eérú dà pọ̀ mọ́, tí wọ́n rí bí ojú ọ̀run nígbà tí òjò ń ṣú bọ̀. Hope Diamond pàápàá, búlúù tí ó dà pọ̀ mọ́ eérú ni GIA pè é. Èyí tí búlúù rẹ̀ mọ́ tí ó sì kún ni ó wọ́n jùlọ, nítorí náà bí ẹ bá rí òrùka tí búlúù rẹ̀ mọ́ gaara, tí ó kún, tí ó tún jẹ́ iye tí apá gbogbo ènìyàn ká, ẹ ti rí ìdí láti béèrè ìbéèrè. Irú àdánidá mìíràn tún wà tí háídírójìn bá àwọ̀ rẹ̀ tan, tí ó máa ń wà láàárín eérú, búlúù àti àlùkò. Ibi ìwakùsà Argyle ní Ọsirélíà, tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ ní ọdún 2020, ni a ti mọ irú wọn jùlọ. Mo fi wọ́n sí àyè ọ̀tọ̀ nítorí pé wọn kì í gba iná mànàmáná láyè bí i ti bóróònì, èyí yóò sì ṣe pàtàkì níwájú.

Ní ti èyí tí a yí àwọ̀ rẹ̀ padà, kí a kọ́kọ́ gbà pé dáyámọ́ǹdì gidi ni. Kì í ṣe gíláàsì, kì í sì í ṣe òkúta àfarawé. Inú ilẹ̀ ni ó ti jáde, ó le bí gbogbo dáyámọ́ǹdì ṣe ń le, ó sì ń kọ mànà bákan náà. Ohun tí kò mú ti inú ilẹ̀ jáde ni àwọ̀ búlúù. Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ jùlọ láti fún un ní àwọ̀ náà ni ìtànṣán olóró. William Crookes, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Bìrìtìkó, ni ó kọ́kọ́ fi radium, ohun kan tí ń ta ìtànṣán jáde fúnra rẹ̀, dán an wò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá, àwọn dáyámọ́ǹdì rẹ̀ sì di àwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n ìtànṣán kò kúrò lára wọn mọ́. Lóde òní ẹ̀rọ tí ó ń ta ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù pẹ̀lú agbára ni wọ́n sábà máa ń lò, tàbí kí wọ́n gbé òkúta náà sínú ẹ̀rọ agbára átọ́ọ̀mù, wọn kì í sì í jẹ́ kí ó dé ọjà títí ìtànṣán yóò fi rọlẹ̀ débi tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba ń ṣọ́ irú òkúta tí ó bá ti inú ẹ̀rọ agbára átọ́ọ̀mù jáde kí wọ́n tó lè tà á. Mo sọ èyí nítorí pé ìbẹ̀rù ìtànṣán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń ní bí wọ́n bá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kò sì yẹ kí ìbẹ̀rù yẹn jẹ́ ohun tí yóò pinnu ọ̀rọ̀ fún wọn bí wọ́n bá rà á lọ́wọ́ ẹni tí ó tẹ̀lé òfin.

Ohun tí ìtànṣán ń ṣe ni pé ó ń gbá àwọn átọ́ọ̀mù kábọ́ọ̀nù kan kúrò ní àyè wọn. Àyè òfìfo tí wọ́n fi sílẹ̀ ni ó ń gba apá pupa ìmọ́lẹ̀ mọ́ra, tí òkúta fi ń di búlúù tàbí búlúù tí ó dà pọ̀ mọ́ àwọ̀ ewé. Òkúta tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àwọ̀ tẹ́lẹ̀ ni ó máa ń di búlúù tí ó dára. Èyí tí ó ti ní ìyeyè tẹ́lẹ̀ a máa fà sí àwọ̀ ewé. Ẹ kíyè sí i pé kò sí bóróònì kankan nínú ìtàn yìí. Òkúta méjì tí ojú ń rí bákan náà ni a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú wọn kò bára wọn tan, láti ara ìyàtọ̀ yìí sì ni ilé àyẹ̀wò ti ń mọ̀ wọ́n.

Ọ̀nà kejì ni ooru àti ìtẹ̀ ńlá, èyí tí a mọ̀ sí HPHT. Eléyìí kò lè fún òkúta tí kò ní bóróònì ní àwọ̀ búlúù. Ohun tí ó lè ṣe ni kí ó mú àwọ̀ ilẹ̀ tàbí eérú kúrò lára òkúta tí ó ti ní bóróònì nínú tẹ́lẹ̀, kí búlúù tí ó farapamọ́ lè yọ jáde. Kò wọ́pọ̀, ojú lásán kò sì lè dá a mọ̀. Ọ̀nà kẹta ni kí wọ́n fi ohun kan tí ó fẹ́lẹ́ gan-an bo ara òkúta náà, lọ́pọ̀ ìgbà ní apá ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí èékánná irin tí ó di òkúta mú sórí òrùka ń bò. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ lórí eléyìí: èmi kò ní rà á. Ohun tí wọ́n fi bò ó lè họ, ásíìdì alágbẹ̀dẹ lè jẹ ẹ́, GIA pàápàá kì í sì í fún dáyámọ́ǹdì tí a fi nǹkan bò ní ìwé àyẹ̀wò. Ìtànṣán yí òkúta padà nínú ara rẹ̀. Ohun tí wọ́n fi bo èyí ni a lè họ dànù.

Mo ní láti dárúkọ ìbátan wọn kan tí ó ti pọ̀ lọ́jà, ìyẹn dáyámọ́ǹdì tí wọ́n ṣe ní ilé ẹ̀rọ. Láti ọdún 1970 ni ilé iṣẹ́ General Electric ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe láti ṣe irú rẹ̀ tí ó dára tó fún ohun ọ̀ṣọ́, búlúù sì wà lára wọn. Bóróònì ni wọ́n ń fi sí i bí ó ti ń dàgbà, nítorí náà bóróònì gidi ni ó fún un ní àwọ̀, iná mànàmáná sì ń gba inú rẹ̀ kọjá bí i ti àdánidá. Ó dára fún ẹni tí ó fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyíkéyìí nínú àwọn méjì tí a ń sọ̀rọ̀ wọn, owó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ yàtọ̀ sí ti àwọn méjèèjì.

Báwo wá ni a ṣe lè mọ èwo ni èwo? Ọ̀pọ̀ ń wá àmì tí wọn yóò fi ojú rí. Àmì wà lóòótọ́: búlúù tí ó ń fà sí àwọ̀ ewé tàbí tí ó tàn jù sábà máa ń tọ́ka sí ìtànṣán, nígbà tí búlúù tí ó ní eérú nínú sábà máa ń tọ́ka sí inú ilẹ̀. Ẹni tí ó ní awò amúǹkantóbi lè rí i nínú òkúta kan pé àwọ̀ náà kó jọ sí ìdí rẹ̀ ní ìrísí agboòrùn tí a ṣí sílẹ̀, èyí tí ó jẹ́ àmì ìtànṣán tí wọ́n ta láti ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ rí i, àdánidá pàápàá lè ní àwọ̀ tí kò tẹ́ déédéé, ẹni tí ó gé e sì lè fi ìmọ̀ọ́mọ̀ darí ibi tí àwọ̀ pọ̀ sí sí ìdí òkúta kí ó lè tàn dé ojú rẹ̀. Àyẹ̀wò iná mànàmáná náà kò tó. Bí iná bá kọjá, ó fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí bóróònì wà níbẹ̀, kò sì sọ bóyá inú ilẹ̀ tàbí ilé ẹ̀rọ ni ó ti wá. Bí iná kò bá kọjá, ó lè jẹ́ ìtànṣán, ó sì lè jẹ́ irú ti Argyle tí mo sọ lókè. Nítorí náà ẹni tí ó bá fi ẹ̀rọ kékeré kan lásán fi dá yín lójú pé àdánidá ni òrùka òun, ìdájọ́ rẹ̀ ju ẹ̀rí rẹ̀ lọ.

Ilé àyẹ̀wò ńlá nìkan ni ó ní irinṣẹ́ tí ó lè ka bí òkúta ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ mọ́ra láti àwọ̀ dé àwọ̀. Àyè òfìfo tí ìtànṣán fi sílẹ̀ ní ibi pàtó tí ó ti ń gba ìmọ́lẹ̀, bóróònì náà sì ní tirẹ̀. Bí òkúta búlúù kan bá tún fi àmì náítírójìn hàn, irú èyí tí a máa ń rí lára àwọn dáyámọ́ǹdì ìyeyè lásán, onímọ̀ á ti mọ̀ pé àfàìmọ̀ ni kó má jẹ́ pé wọ́n yí i padà.

Ẹ gbà mí láyè kí n dúró díẹ̀ lórí ìwé àyẹ̀wò náà, nítorí pé ọ̀pọ̀ ń gbà á láì kà á. Nínú ìwé tí GIA ń fún dáyámọ́ǹdì aláwọ̀, àyè kan wà tí ó ń sọ orísun àwọ̀. Bí ó bá jẹ́ Natural ni wọ́n kọ síbẹ̀, àwọ̀ náà ti inú ilẹ̀ wá. Bí wọ́n bá yí i padà, ìwé náà yóò sọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà mìíràn wà tí wọ́n máa ń kọ Undetermined, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹ̀rí tí ó wà kò tó láti gbè sí apá kan. Èmi kì í ka irú èyí sí àdánidá, mi ò sì ní san owó àdánidá lórí rẹ̀. Lẹ́yìn orísun ni ìpele àwọ̀: Fancy Light, Fancy, Fancy Intense, Fancy Vivid, Fancy Deep àti Fancy Dark. Nínú orúkọ àwọ̀, ọ̀rọ̀ tí ó gbẹ̀yìn ni olórí, nítorí náà Grayish Blue jẹ́ búlúù tí ó ní eérú díẹ̀ nínú, Blue Gray sì jẹ́ eérú tí ó ní búlúù nínú, ìyàtọ̀ owó wọn kì í sì í ṣe kékeré. Kí ẹ wá fi nọ́ńbà ìwé náà wo ojúlé GIA lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ rí i pé ohun tí ó wà níbẹ̀ bá ti inú bébà mu, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi awò hàn yín bóyá nọ́ńbà kan náà ni a fín sí ìbàdí òkúta tí ó wà lórí òrùka. Ìwé tòótọ́ lè tẹ̀lé òkúta tí kì í ṣe tirẹ̀.

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Nínú òwò yìí, èké kì í sábà jẹ́ irọ́ pọ́ńbélé. Ìdajì òtítọ́ ni. Ẹni tí ó ń tà lè sọ pé dáyámọ́ǹdì náà jẹ́ àdánidá, kí ó sì dákẹ́ síbẹ̀, òótọ́ sì ni ó sọ, nítorí pé inú ilẹ̀ ni òkúta náà ti wá. Àwọ̀ ni kò dárúkọ. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹ béèrè ni èyí: ṣé òkúta náà jẹ́ àdánidá, ṣé àwọ̀ rẹ̀ náà sì jẹ́ àdánidá? Ẹ jẹ́ kí ó dáhùn méjèèjì, kí ó sì kọ ìdáhùn méjèèjì sínú rìsíìtì. Ìlànà Federal Trade Commission, àjọ tí ó ń dáàbò bo oníbàárà ní Amẹ́ríkà, sọ pé ẹni tí ó ń tà gbọ́dọ̀ sọ fún oníbàárà bí ìyípadà tí wọ́n ṣe sí òkúta kò bá lè wà títí, bí ó bá ń béèrè ìtọ́jú pàtàkì, tàbí bí ó bá ní ipa ńlá lórí iye rẹ̀. Ti ìtànṣán wọ inú ẹ̀ka méjì tí ó kẹ́yìn yìí láìsí àríyànjiyàn. Oníṣòwò tí ó mọṣẹ́ kì í bínú sí ìbéèrè yìí, òun gan-an ni yóò kọ́kọ́ sọ ọ́ kí ẹ tó béèrè.

Bí òkúta bá ti wà lórí òrùka, àwọn nǹkan mìíràn tún wọ inú ọ̀rọ̀. Irin tí ó yí i ká ń ní ipa lórí ohun tí ojú ń rí: plátínọ́ọ̀mù àti wúrà funfun kì í bá búlúù jà, ìyeyè wúrà sì lè fà á sí àwọ̀ ewé. Bí ìdí òrùka bá dí pa, tí ìmọ́lẹ̀ kò lè gba ẹ̀yìn wọlé, ẹ béèrè ìdí rẹ̀, nítorí pé ẹ̀yìn tí ó dí lè gbé àwọ̀ ga, ó sì lè bo ohun tí wọ́n fi kun ìdí òkúta mọ́lẹ̀. Bí ó bá jẹ́ owó ńlá, ẹ ní kí wọ́n fi òkúta náà hàn yín kí wọ́n tó gbé e lé orí òrùka, nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, lórí bébà funfun. Àwọn dáyámọ́ǹdì búlúù wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ń yí òkúta àárín ká kì í sábà ní ìwé, èyí tí ó pọ̀ jùlọ nínú wọn ni a sì ti yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Kò burú, kìkì pé kí wọ́n sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ni ó jẹ mí lọ́kàn jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹni tí kò mọ ohun tí ó rà ti máa ń pàdánù gbogbo rẹ̀. Àwọ̀ tí ìtànṣán fún dáyámọ́ǹdì kò ní ṣí nínú oòrùn, omi kò ní fọ̀ ọ́ lọ, ọdún kò sì ní mú un rẹ̀. Iná alágbẹ̀dẹ ni ọ̀tá rẹ̀. Ooru tí ó lè yọ́ àlẹ̀mọ́ wúrà tó láti mú kí àwọn àyè òfìfo inú òkúta náà rìn kúrò níbi tí wọ́n wà, búlúù á sì di àwọ̀ ewé, ìyeyè tàbí àwọ̀ ilẹ̀, kò sì ní padà mọ́. Àwọn oníṣẹ́ máa ń mọ̀ọ́mọ̀ lo ooru báyìí láti sọ òkúta tí wọ́n ta ìtànṣán sí di ìyeyè. Ẹni tí ó gbé òrùka rẹ̀ lọ kí wọ́n bá a fẹ̀ ẹ́, tàbí kí wọ́n tún èékánná rẹ̀ tí ó ti jẹ ṣe, lè bá òkúta mìíràn pátápátá nígbà tí ó bá padà lọ gbà á. Alágbẹ̀dẹ kò sì jẹ̀bi, nítorí pé bóróònì kì í bẹ̀rù iná yẹn, ó sì ti rò pé irú rẹ̀ ni wọ́n gbé wá. Kí ẹ sọ fún un kí ó tó fọwọ́ kàn án. Yóò yọ òkúta náà kúrò kí ó tó dáná, tàbí kí ó lo ẹ̀rọ laser tí ooru rẹ̀ kì í tàn dé ibi tí kò fẹ́.

Èwo ni kí ènìyàn rà? Bí ohun tí ẹ fẹ́ bá jẹ́ àwọ̀ búlúù tí ó mọ́, lórí òkúta tí ó le tí ó sì ń dán, tí ẹ óò máa wọ̀ lójoojúmọ́, èyí tí ìtànṣán fún ní àwọ̀ kò ní já yín kulẹ̀, ó sì bọ́gbọ́n mu ju kí ẹ fi owó kan náà ra àdánidá tí búlúù rẹ̀ kò ju òjìji lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ má ṣe rà á pẹ̀lú ìrètí pé ẹ óò tà á lérè lọ́la. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní irú ẹ̀rọ náà lè ṣe òmíràn lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, ọjà àtúntà rẹ̀ kò sì lágbára. Àdánidá wà fún ẹni tí ìṣọ̀wọ́n òkúta náà ṣe pàtàkì fún, tí ó ní owó rẹ̀ láìjẹ gbèsè, tí ó sì ṣe tán láti dúró títí òkúta tí ó ní ìwé tòótọ́ yóò fi dé. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, èmi yóò sọ pé kí ó gba òkúta kékeré tí orísun rẹ̀ dájú dípò ńlá tí orísun rẹ̀ kò dájú. Ní ọ̀nà méjèèjì, ohun tí ilé iṣẹ́ adójútòfò yóò kọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ohun tí ó wà lórí ìwé àyẹ̀wò mu, nítorí pé òrùka tí wọ́n kọ sílẹ̀ níbẹ̀ bí àdánidá tí ó sì jẹ́ àyípadà yóò di ẹjọ́ ní ọjọ́ tí ó bá sọnù.

Ó ku àwọn òrùka àjogúnbá, tí ìyá fi lé ọmọ lọ́wọ́ láìsí ìwé kankan. Kí ẹ má ṣe fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú wọn, kí ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rà á lọ́wọ́ yín kí orísun àwọ̀ rẹ̀ tó hàn. Àwọn tí àwọ̀ wọn jẹ́ ewé tàbí búlúù-ewé, tí wọ́n sì ti pẹ́ gan-an, lè wà lára àwọn tí wọ́n fi radium ṣe láyé àtijọ́, nítorí náà kí wọ́n fi ẹ̀rọ tí ń wọn ìtànṣán yẹ̀ wọ́n wò kí ẹnikẹ́ni tó máa wọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Bí ìtànṣán kò bá sí lára rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò ní bí ó ṣe wà gan-an. Ilé àyẹ̀wò lè ní kí ẹ yọ òkúta náà kúrò lórí òrùka kí wọ́n tó lè fún un ní ìwé tí ó pé. Alágbẹ̀dẹ lè fi irinṣẹ́ ọwọ́ ṣí èékánná rẹ̀ láìdáná rárá, kí ó sì tún un dì padà bákan náà nígbà tí èsì bá dé.